Mi Ò Ní Rán Lásíìkì Mọ́ Gíláàsì Mojí

Ayétòrò,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ara mi le, ọkàn mi ni kò jókòó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun yẹn ń mú ọ dìde láàárọ̀ kùtù, mo sì mọ̀ pé owó oṣù akọ̀wé ilé-ìwé kò ga. Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́ rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Àpò náílọ̀n tí o fi rán dẹ́rẹ́bà sí mi dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo bá gíláàsì Mojí ọmọ rẹ nínú rẹ̀, mo bá ìwé pélébé tí o kọ: "Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti yan Mojí mọ́ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé wọn ní Sátidé. Gíláàsì rẹ̀ àtijọ́ nìyí, ó máa ń jábọ́ tó bá ń sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán lásíìkì sí i lẹ́yìn, kó lè dì mọ́ ọn lórí gírígírí. Owó tí wọ́n pe gíláàsì eré ju agbára mi lọ."

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń pè mí lójoojúmọ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ ti rán an?" Tí mo sì ń dá ọ lóhùn pé òwú dúdú ló tán. Irọ́ ni. Òwú dúdú kún agolo mi. Láàárọ̀ yìí nìkan, mo ti dìde nídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo tún un gbá. Mo jáde lọ wo ojú títì bí ẹni ń retí àlejò, kò sì sí ẹni tí mo ń retí. Mo rán apá òsì aṣọ ọmọ kan sí ọ̀tún, èmi tí mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ọ.

Mi ò ní rán an, Àbẹ̀kẹ́. Má tíì bínú. Jọ̀wọ́, ka ìwé yìí dópin.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á kó tó dún. Tí mo bá ń sọ ọ́, wàá máa ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?", nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, inú mi á sì dùn pé ó já. Mo mọ ara mi. Nínú ìwé, mi ò ríbi sá sí.

O mọ̀ pé ojú òsì Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé rẹ kò ríran. Ohun tí a ń sọ láti kékeré rẹ ni pé ó gun igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ̀ka kan sì gún un lójú. Ìwọ náà ti sọ ọ́ fún Mojí, mo wà níbẹ̀, mo gbọ́, mo ń bó ẹ̀gúsí lọ. Kò sí ẹ̀ka igi kankan, ọmọ mi. Gíláàsì tí èmi ìyá rẹ̀ rà fún un ló fọ́ sí i lójú lórí pápá bọ́ọ̀lù, lásíìkì tí èmi ìyá rẹ̀ rán sí i ni kò sì jẹ́ kó bọ́.

Mo ti sọ ọ́. Mo dìde, mo lọ mu omi, mo ti padà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, ìwọ ń lọ sí mẹ́rin. Bàbá yín ń wa ọkọ̀ gẹdú lápá Ìmẹ̀kọ, ó máa ń tó oṣù méjì kó tó wálé. Káyọ̀dé ń kọ ohun tí kò sí lójú pátákó sínú ìwé rẹ̀, tíṣà ń nà án nílé-ìwé, èmi ń nà án nílé. Ọ̀lẹ ni mo ń pè é. Àṣé ọmọ kò rí pátákó! Tíṣà obìnrin kan ló wá ṣàkíyèsí pé ó máa ń fún ojú pọ̀ tó bá ń wo ọ̀ọ́kán, ló ní kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ojú l'Ábẹ́òkúta. Bàbá yín ta ewúrẹ́, ó fi owó tó ti ń tọ́jú kún un, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ojú ni o, má fi ṣeré." Ó gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ lóòótọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ lójú wò, wọ́n kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n pe owó gíláàsì, nọ́ọ̀sì kan rọra wò mí, ó ní, "Màmá, tí kò bá tíì pé, ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀." Inú bí mi. Léèsì tí mo fọwọ́ ara mi rán ló wà lọ́rùn mi, mo rò pé ó ń fojú tálákà wò mí ni. Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé kò pé?" Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, mo jáde.

Owó náà pé o. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni mo ń lò nígbà yẹn, obìnrin kan ládùúgbò sì fẹ́ ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ torí ó ń kó lọ. Ojú mi ti wà lára ẹ̀rọ náà fún ọdún kan. Nínú mọ́tò tó ń gbé wa bọ̀ láti Abẹ́òkúta, mo ń ṣe é lọ́kàn: ká ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mú owó wá, ká sì wá gíláàsì olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ. Ta ló máa mọ̀?

O kò bá ọjà ẹnubodè ìgbà yẹn. Lápá Ìlárá, níbi tí àwa aránṣọ ti ń ra ànkárá tó ń ti Kùtọnu wọlé, wọ́n máa ń da gíláàsì òkìríkà sórí tapólì bí ẹni sá ẹ̀pà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, á lóṣòó, á máa gbé e sójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ti ìwé kíkà, olùtajà á na ojú ìwé orin kan tó ti gbó sí ọ. Tó bá jẹ́ ti ọ̀ọ́kán, á ní kí o ka nọ́ńbà mọ́tò tó dúró lódìkejì títì. Èyí tó bá ti mú, tìrẹ nìyẹn. Bí gbogbo wa ṣe ń rà á nìyẹn, àti tíṣà àti kátíkíìsì. Ìwé nọ́ńbà ojú tí wọ́n fún wa ní Abẹ́òkúta wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, mi ò tilẹ̀ yọ ọ́ síta.

Káyọ̀dé gbé méje sójú, ó ń mi orí. Ó gbé ìkẹjọ. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá! Ewé orí igi yẹn! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n!" Ọmọ ọdún méjìlá, kò tíì rí ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí igi rí láyé rẹ̀. Ẹni tó ń tà á pàtẹ́wọ́, ó ń fi Faransé rẹ̀ yìn ín, "Sẹ́ bọ̀n, màmá, sẹ́ bọ̀n!" Mo sunkún ayọ̀ láàárín ọjà. Mo ra gíláàsì, mo padà sílé ra ẹ̀rọ mi, mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo ilé-ìwòsàn lọ.

Gíláàsì náà wúwo, dígí gidi tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ ni. Tí Káyọ̀dé bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń yọ̀ wálẹ̀ nímú rẹ̀, á máa fi ọwọ́ kan dì í mú sáré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá bá mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi ṣe nǹkan sí i." Mo gé lásíìkì ìbàdí ṣòkòtò, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀rọ tuntun yẹn, mo sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ó mọ́ apá gíláàsì náà méjèèjì. Mo fà á, kò yẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Kò pé oṣù kan. Bọ́ọ̀lù bà á lójú ní tààràtà, látọ̀dọ̀ ọmọ tí kò jìnnà sí i. Gíláàsì tí kò ní lásíìkì ì bá fò dànù. Tèmi kò fò. Ó dúró síbẹ̀, ó sì fọ́ síbẹ̀.

Ilé-ìwòsàn kan náà la gbé e lọ, Àbẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì kan náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tí dókítà ń ṣa èérún dígí. Ó dá mi mọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Ó ṣe mí bíi kó bú mi.

Bàbá yín dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo báńdéèjì, ó ní, "Kí ló ṣe é?" Káyọ̀dé ló dáhùn láti orí ẹní. Ó ní, "Igi ni, Bàbá. Mo gun igi, ẹ̀ka gún mi lójú, gíláàsì náà sì fọ́." Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìlá nínú ìrora ló bò mí láṣìírí, èmi àgbàlagbà sì jẹ́ kó bò mí. Bàbá yín gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó mú àdá, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gé igi gúáfà náà lulẹ̀, ó wú gbòǹgbò rẹ̀. Ìwọ lo sunkún jù lọ́jọ́ náà, o ní wọ́n ti gé gúáfà rẹ.

Àwọn aládùúgbò mọ̀, wọ́n bò mí. Bàbá yín kú, kò mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, inú náílọ̀n tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ni òtítọ́ bá dé.

Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, kí ló dé tí ojú yín pọ́n báyìí?" Mo ní èéfín ni. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, kò rí iná. Irọ́ pípa ti di àṣà sí mi lára, wò ó.

Ó dáa. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Màá gbìyànjú láti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bíi tíṣà, tí kò bá tò, bó bá ṣe ń wá ni mo máa kọ ọ́.

Èkínní, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé gíláàsì tí o rán wá yìí lọ bá ọmọbìnrin tó ń yẹ ojú wò ní títì ọjà wa níhìn-ín. Mo ní kó sọ fún mi bóyá ó ṣe é gbá bọ́ọ̀lù. Ó fi èékánná kàn án kó kó, ó ní, "Màmá, ike leléyìí, kì í ṣe dígí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n irú ike yìí náà ń fọ́, ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú. Férémù irin rẹ̀ gan-an lè wọ ọmọ lójú. Tí ẹ bá tún wá fi lásíìkì so ó mọ́ ọn lórí, kò ní ríbi lọ." Mo jókòó láìgbàṣẹ. Mo ní, "Èwo wá ni wọ́n ń lò?" Ó ní ike líle kan wà tí wọ́n ń pè ní pọlikabọ́nétì, tí bọ́ọ̀lù lè lù kó má fọ́ sínú ojú. Férémù tiẹ̀ kì í ṣe irin, ó ní tìmùtìmù níbi imú, lásíìkì tirẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, àwa ò lówó rẹpẹtẹ." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó ní, "Kò burú Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó papọ̀." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ní Abẹ́òkúta ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò ju ìyẹn lọ! Tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ojú wò lọ́dọ̀ yín n'Ílàró, sọ fún wọn lẹ́sẹ̀ kan náà: owó tí mò ń gbà kò pọ̀, ẹ wo ohun tó ṣeé ṣe. Ṣé wọ́n lè gbà á díẹ̀díẹ̀? Ṣé férémù ọdún tó kọjá wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó? Ṣé ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń yẹ ojú ọmọdé wò lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tí àwọn yẹn bá ṣe fáàrí sí ọ, lọ sí ibòmíì.

Èkejì, gíláàsì àtijọ́ kì í ṣe gíláàsì. Ojú ọmọdé ń yí padà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tóbi. O kò ní wọ bàtà ọdún méjì sẹ́yìn fún un kó fi sáré, àbí? Kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò lákọ̀tun kí o tó ná kọ́bọ̀ kan. Kí o sì gba ìwé nọ́ńbà náà dání. Ọmọbìnrin yẹn ní kí wọ́n kọ àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sí i, ó ní èyí làwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Tí ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ, o lè fi béèrè owó níbi mẹ́ta kí o tó rà á níbi kan. Ṣùgbọ́n má fi sínú báàgì o, bí èmi ṣe fi tèmi sínú báàgì.

Ẹ̀kẹta, gíláàsì méjì kọ́ ni dandan. Èyí ló mú ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún pápá ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní. Ọmọbìnrin náà ní tí owó bá ń dunni, ká fi owó méjèèjì ra ọ̀kan tó lágbára, kó máa lò ó níbi gbogbo. Kò ní rẹwà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sọ pé ó dà bí ẹni tó fẹ́ wẹ odò. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Mú férémù tó fẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ̀, èyí tí wọ́n lè yọ ike inú rẹ̀ pààrọ̀, kó lè jẹ́ pé ike nìkan lẹ ó máa rà tí ojú rẹ̀ bá tún yí padà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gíláàsì ààbò tí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ń lò tàn ọ́ jẹ pé ohun kan náà ni. Kò ní nọ́ńbà ojú ọmọ nínú.

Mo tún ti dìde. Mo lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá, mo ń wo ojú wọn. Mélòó nínú wọn ni kò rí pátákó? Mélòó ni wọ́n ń nà?

Kí n máa bọ̀ lórí ọkọ rẹ. O ní o kò tíì sọ fún Bàbá Mojí iye tí wọ́n pè é torí iṣẹ́ bíríkìlà kò lọ déédéé lásìkò yìí, o kò fẹ́ kó dà bíi pé ò ń fi àìrí iṣẹ́ gún un lára. Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un. Sọ fún un lónìí. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Èmi bo ọkọ mi lójú nítorí owó gíláàsì, ọkùnrin náà sì bá igi jà títí ó fi kú. Kò sígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé yẹn tí kì í fi ẹsẹ̀ nu ojú ibẹ̀, bóyá èéhù kan tún ń yọ. Mo ń wò ó láti fèrèsé. O kò fẹ́ máa wo ọkọ rẹ láti fèrèsé.

Lọ bá tíṣà eré wọn náà. Má rán Mojí, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Sọ fún un pé ojú ọmọ yìí ń fẹ́ gíláàsì tó tọ́, kó bá ọ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé àti lọ́wọ́ àwọn òbí. Ó lè ní kò sí. "Kò sí" kò pa ènìyàn. Bá àwọn ìyá ìjọ yín sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá wọn dáwó aṣọ lọ́dọọdún lè ní kí wọ́n dáwó ojú fún ọmọ òun. Bẹ̀rẹ̀ àjọ kékeré tí wàá máa dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ní òun kò sí nílé kí ẹnikẹ́ni má dámọ̀ràn lẹ́yìn òun, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a máa fi ń wá owó kiri. Èmi lówó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ni mi ò ní.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń dùn mí jù lẹ́yìn ojú náà gan-an. Má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Mojí. Mo mọ̀ ọ́, o dà bí èmi: tí o bá ka ìwé yìí tán, ẹ̀rù á bà ọ́, wàá ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn tí ojú Káyọ̀dé jinná, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ búra. Mo ní tí mo bá tún rí i lórí pápá, màá dá a. Ọjọ́ kan mo ń bọ̀ láti ọjà, mo rí i tó dúró sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé orí sókè díẹ̀, ó ń fi ojú kan yẹn wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá òfìfo nínú iyanrìn. Mo gba ojú rẹ̀, mo tún gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Mojí mọ bọ́ọ̀lù. Jẹ́ kó gbá a. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó tọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀.

Gíláàsì yẹn kò lè dé kí Sátidé tó pé. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ojú wò ní ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, torí ibòmíì ni wọ́n ti ń gé ike rẹ̀ wá. Nítorí náà, Mojí kò ní gbá bọ́ọ̀lù Sátidé yìí. Má parọ́ fún un pé gíláàsì ti sọnù lọ́wọ́ mi. Jókòó tì í, sọ òdodo fún un. Tí ó bá bi ọ́ léèrè ìdí tí màmá àgbà ò fi rán lásíìkì, ka ibi tí ó kan Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé fún un. Ó ti tó ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ kan tó jù ú lọ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí fún mi fún ọgbọ̀n ọdún.

Nípa owó, mo ti gba yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan rán, èyí tí mo ti ní mi ò gbà mọ́ torí ẹ̀yìn mi. Ìlàjì owó gíláàsì náà á ti ibẹ̀ jáde. Má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé "Màmá, ẹ má ṣe." Ẹ̀rọ tí mo fi owó gíláàsì ọjọ́ kìíní rà náà ni mo fi ń rán an. Mi ò ṣe ọ́ ní oore kankan.

Káyọ̀dé ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ lánàá, mo gbé gíláàsì Mojí lé orí pákó níwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí o ní kí n ṣe. Ó gbé ìfági rẹ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Káyọ̀dé, mo fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ. Gbogbo rẹ̀." Mo rò pé á ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí láti máa parọ́ mọ́ igi."

Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, nínú èérún pákó, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fò dìde, ó ń fà mí sókè, ó ń pariwo pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Lẹ́yìn tí ara wa balẹ̀, ó gbé gíláàsì kékeré náà, ó fi í síwájú ojú rẹ̀ tó dáa, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé Mojí mọ ẹsẹ̀ òsì lò. Mo ní ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀tún lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fúnra òun ló máa mú un lọ yẹ ojú wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí o má ṣàníyàn nípa iṣẹ́ rẹ.

Ọjọ́ Sátidé gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mojí á ti fọ jẹ́sí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é láti ìta. Á wò ọ́ pẹ̀lú ojú yẹn, ìwọ náà á fẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni, kò lè sí nǹkan. Mo mọ bí ọkàn ìyá ṣe ń rọ̀. Di ilẹ̀kùn mú. Bí ó bá sunkún, jẹ́ kó sunkún, kó sunkún títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ojú méjèèjì ni ọmọ rẹ á fi sunkún, Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá rẹ ni, ìyá Káyọ̀dé.